Ìbéèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fò Kọjá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ronú nípa ohun tí ìka èèyàn yóò tẹ̀. Mo máa ń ya ojú áàpù: ibi tí bọ́tìnnì yóò wà, ọ̀rọ̀ tí a óò kọ sára rẹ̀, ohun tí fóònù yóò sọ bí èèyàn bá ṣì í tẹ̀. Ọ́fíìsì wa wà lókè ilé gíga kan nítòsí Màríínà. Bí mo bá ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún àwọn ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á ní, "Áà, fóònù ló ń tún ṣe." Ó ti sú mi láti máa jiyàn.

Iṣẹ́ ìbẹ̀rù ni, kí n má purọ́. Bí mo bá ya bọ́tìnnì kan tán, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo ti ń rí ẹni tí ojú ń dùn tí kò ní rí i, ẹni tí yóò fi ọwọ́ òróró tẹ̀ ẹ́, ẹni tí yóò rò pé "Parẹ́" túmọ̀ sí pé ó ti parí. Ìyá mi ní bí mo ṣe rí láti kékeré nìyẹn. "Òjò ò tíì ṣú, ìwọ ti ń sáré káṣọ." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ mi kì í tutù.

Tí iṣẹ́ kan bá ti fẹ́ parí, mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá kan tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ló fojú mi rí nǹkan jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, áàpù wa bi í pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìyá gbé fóònù sílẹ̀ lórí àpótí. Ó ní, "Ta ni eléyìí ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ọmọ ọdún mélòó ni?" Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún fóònù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo áàpù tó bá ti ọwọ́ mi jáde ló máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀. Kí ojú ìwé kan má béèrè ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì má ṣe fara pamọ́. Kí ọ̀nà àtipadà máa wà nígbà gbogbo, nítorí kò sẹ́ni tí kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí èèyàn kò ti tẹ nǹkan kan rárá. Àwa oníṣẹ́ a máa fi nǹkan síbẹ̀ dè é, kí iṣẹ́ lè yá: odo, tàbí "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ẹni náà á kọjá láìsọ̀rọ̀, fóònù á sì ní ó ti sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lórí èyí títí wọ́n á fi máa sá fún mi nídìí omi mímu.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún, ó sì ti wá dúró ti ìyá wa nílé, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, kì í sábà sí nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bímọ rí. Àkọ́kọ́, obìnrin, wà láyé, ó ń lọ ilé-kéú lẹ́yìn ilé wa. Èkejì, ọkùnrin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e, kò sì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé nítorí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ yẹn, kò gbọdọ̀ jókòó rọbí nílé. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí yóò wá kí wọ́n tún ṣe é fún un. Ẹ̀gbọ́n mi gbà lẹ́nu. Lọ́kàn rẹ̀, yàrá tí ó ti jáde láìgbọ́mọ dání ló ń sá fún. Ohunkóhun tó bá lè sọ fún un pé kó má tíì lọ, yóò gbà á gbọ́.

Ó rí irú rẹ̀ nínú fóònù. Áàpù àwọn aboyún kan ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi hàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àwòrán kan wọlé sórí WhatsApp mi, pẹ̀lú ohùn ẹ̀gbọ́n mi: "Inú ti ń run mí díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Mo sọ fún áàpù yẹn, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Wò ó, ó mà fine o! Ṣé irú ẹ̀ lẹ máa ń ṣe?"

Ojú oníṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Àwọ̀ ewé tó tura, lẹ́tà gbàǹgbà: "Ẹ má fòyà. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ mu omi, ẹ sinmi. Ó ṣì lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tó àkókò ọsibítù." Ó tilẹ̀ wù mí. Ìgbà náà ni mo fẹ àwòrán náà sí i, mo wo òkè rẹ̀ ní igun, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní aláwọ̀ eérú kọ nǹkan sí: "Ìmọ̀ràn fún oyún àkọ́kọ́."

Oyún àkọ́kọ́ ta ni?

Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. N ò sọ fún ọ̀gá mi kí n tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ́ọ̀ tán, gbogbo títì kún fún aṣọ funfun, kò sí ọkọ̀ tó lè rìn. Mo fẹsẹ̀ gba Ìdúmọ̀tà, mo gba inú Jankara láàárín àwọn aláṣọ, mò ń ti àwọn èèyàn, mò ń bẹ̀bẹ̀, bàtà mi kan já. Ẹni tó ya ojú ìwé yẹn ni mò ń bá jà nínú mi. N ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ irú rẹ̀. Ibi tó tutù bíi tiwa ló jókòó sí, ó ń wá àwọ̀ tó tura. Ó fi ìtùnú sínú lẹ́tà ńlá, ó fi ìdí ìtùnú náà pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní.

Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí áàpù ṣe wí, ọwọ́ kan níbàdí. Ìyá wa jókòó sórí àpótí, ó gbé fóònù sórí itan bí ẹyin.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò gbé fóònù?"

"Mo rí i pé ò ń pè. Nǹkan yìí ló ń bá wa ka àkókò ìrora ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dúró, kó má lọ ba kiní ọ̀hún jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́sibítù."

"Ìwọ náà tún ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù ní kò tíì yá. Ṣebí ìwọ lò ń sọ fún wa pé ká máa lò ó?"

"Màámi, fóònù ò mọ Àǹtí mi!"

Mo gba fóònù náà, mo wá ọ̀nà àtipadà. Wọ́n ti fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán òdòdó kan. Mo ṣì í tẹ̀, mo tún un tẹ̀, títí mo fi dé ojú ìwé tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọmọ mélòó lẹ ti bí?" Odo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí lẹ tẹ̀ síbí?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo fò ó ni. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mélòómélòó wá ni ti fóònù? Àti pé..."

Kò parí rẹ̀. Mo mọ ohun tó kù. Bí ó bá fẹ́ ka ọmọ, ṣé ọ̀kan ni yóò kà ni, àbí méjì?

Ìyá wa nawọ́. "Kí ló kọ síbẹ̀?"

"Odo, Màámi. Ó ní Àǹtí mi ò bímọ rí. Torí bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn rí."

Màámi dìde dúró. "Ta ló sọ fún un pé ọmọ mi ò bímọ rí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àǹtí mi dákẹ́ ni."

Kí ó tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ògiri mú. Ó ní, "Ìyẹn ò jọ ti tẹ́lẹ̀ o. Ojú ọgbẹ́ yẹn ló ń dùn mí." Ojú rẹ̀ ti yí padà. Màámi ju fóònù sórí àga, ó ń wá ìborùn rẹ̀.

Aládùúgbò kan fi kẹ̀kẹ́ Màrúwà gbé wa. A ò mú káàdì, a ò mú ẹrù. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń mí gúlegúle. Nọ́ọ̀sì wá yíjú sí ìyá wa.

"Màmá, ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí?"

Màámi fa ìborùn mọ́ra. Mo la ẹnu, ó fún mi lápá pinpin. Obìnrin tó bí mi yìí, àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an, n ò gbọ́ ọ kí ó kà wọ́n rí. Bí àlejò bá béèrè, "A dúpẹ́" ni ìdáhùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì fò ó kọjá. Ó dúró. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Tí mo bá mọ̀ ọ́n ni màá mọ ohun tá a máa ṣe fún wọn."

Ìyá wa wolẹ̀. "Méjì," ló wí. "Ọ̀kan wà nílé. Èkejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Ọlọ́run ti gbà á."

"Iṣẹ́ abẹ?" Nọ́ọ̀sì ti ń ké sí dókítà kí ó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tì í wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo fẹ́ ṣe nǹkan, ohunkóhun. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mò ń wo ilẹ̀kùn náà títí ojú fi ń ta mí. Màámi ò wò ó. Ó ń fi etí ìborùn nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣáá.

"Mo ti kà wọ́n," ó wí fún mi. "Lójú àlejò, mo ka ọmọ ọlọ́mọ. Tí nǹkan bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹnu mi ló fà á."

"Ẹnu yín ló jẹ́ kí wọ́n tètè gbé Àǹtí mi wọlé, Màámi."

"Ìwọ ò mọ̀."

Lóòótọ́, n ò mọ̀. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù.

Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ojú ọgbẹ́ àtijọ́ náà ti ń fẹ́ ya, ká dúpẹ́ pé a ò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ara ìyá yóò yá. Ó ní obìnrin ni ọmọ, ó ti ké. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, n ò bojú wẹ̀yìn. Màámi ò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pe ilé."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo ọmọ."

"Mo ní kó o pe ilé. Kí wọ́n fún ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ní fóònù, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Mo pè é. Àwọn ará ilé ti bá wa mú ọmọ náà bọ̀ láti ilé-kéú. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù mọ́ etí. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ibi tí mo wà, ó ń ráhùn pé kò sẹ́ni nínú wa tó wá mú òun, pé ẹnì kan ti jẹ ẹ̀pà òun, pé ibo ni gbogbo wa lọ. Màámi ò dá a lóhùn ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà dánu dúró díẹ̀ láti mí ni ó sọ̀rọ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀ sórí ìborùn.

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi," ó ní. "Máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́."