Lusti Ni Wọ́n Gbà, Kì Í Ṣe Zenzi

Irọ́ ni Ambros Tresch pa létí sàréè ní Sátidé tó kọjá. Alága Obergand, abúlé wa, ni, ó sì ti pẹ́ lórí àga náà. Ó ṣí fìlà, ó gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì, ó ní: "Nígbà tí Kreszentia di opó, Obergand na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba ọmọ rẹ̀ padà." Àwọn èèyàn mirí. Àlùfáà náà mirí. Èmi ò mirí. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá kọ irú gbólóhùn yẹn wá fún mi ní kíláàsì, màá fi gègé pupa fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì ní kó lọ tún un kọ. Níwọ̀n bí alága kò ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi rí, èmi fúnra mi ni n ó tún un kọ.

Kreszentia Zurfluh ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Zenzi là ń pè é. Ilé òkúta tó kẹ́yìn sábẹ́ òkè ni wọ́n bí i sí, níbi tí àpáta ti ń já bọ́ ní gbogbo ìgbà ìrúwé. Obergand kò tóbi: odò lápá kan, òkìtì òkúta lápá kejì, koríko tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Koríko yẹn ò gbọdọ̀ kan ẹnu màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gígé là ń gé e, a ó sá a gbẹ, òun ni ẹran yóò máa jẹ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Nítorí náà, tó bá di oṣù kẹfà, gbogbo màlúù a gòkè lọ sí Gandalp, pápá tó wà lókè lọ́hùn-ún, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kò bá gòkè, kó yáa tà á. Pápá yẹn kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé abúlé. Ti ọmọ ìlú ni.

Zenzi jẹ́ ọmọ ìlú títí di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ Furger, bíríkìlà kan láti òdìkejì òkè. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá fẹ́ ará ibòmíràn ti di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmọ Obergand, ó jáde ní àlejò. Kò pẹ́ tí òkúta fi pa ọkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lu àpáta fún ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó tọ́jú bàbá náà, ó sì ní màlúù mẹ́rin tó ń sìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Lusti, abo aláwọ̀ ilẹ̀ tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Lusti ló máa ń ṣáájú gbogbo agbo bí a bá ń gòkè, agogo ńlá abúlé lọ́rùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí bàbá wà láàyè, orúkọ bàbá ni àwọn màlúù yẹn fi ń gòkè. Ìgbà ìwọ́wé ni bàbá kú. Gbogbo ìgbà òtútù, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ ẹni tí wọn yóò máa fi gòkè.

Ní oṣù kẹrin, akéde ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Ilé tí èéfín bá ń jáde lórí rẹ̀, kó yọ ẹnì kan!" Iṣẹ́ ìlú nìyẹn, kíkó òkúta tí yìnyín ti gbá wọ pápá. Èéfín ń jáde lórí ilé Zenzi, nítorí náà Zenzi lọ. Ó ru òkúta pẹ̀lú wọn, ó tún odi mọ pẹ̀lú wọn, ó sì jókòó sórí àpáta kan náà pẹ̀lú wọn jẹ búrẹ́dì àti wàràkàsì. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní, "Opó Furger, àlejò ni ọ́, sọ òkúta wa sílẹ̀." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Oṣù karùn-ún ni ìpàdé pápá, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè láti pinnu ẹni tí màlúù rẹ̀ yóò gòkè. Ọkùnrin nìkan ló ń dé ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ ra wàrà lọ́dọ̀ Balz, àbúrò Zenzi ọkùnrin, mo sì bá Zenzi níbẹ̀.

"Balz," ó ní, "ọ̀la ni o."

"Mo mọ̀ pé ọ̀la ni, Àǹtí mi."

"Mi ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìwọ lo máa bá mi gbé ọwọ́ sókè."

"Ṣé ẹ rò pé màá gbàgbé ni?"

"Mi ò ro nǹkan kan. Mo kàn rí i pé o ti ra abo màlúù méjì tuntun, pápá ò sì fẹ̀ sí i."

Balz bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ojú yín mú ju ti àṣá lọ. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, ọmú kan náà la jọ mu."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọkùnrin ṣe agbo sábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa obìnrin dúró sẹ́yìn odi, nínú ibi ìsìnkú. Mo rí lára àwọn tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ láìpẹ́, tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù tán. Wọ́n ní ọwọ́ láti gbé. Èmi ò ní.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí màlúù opó Furger gòkè," Tresch wí, "kó gbé ọwọ́ sókè."

Wisi, ọ̀gá àwọn darandaran, gbé ọwọ́. Ẹni tó ń ṣe bàtà gbé tirẹ̀. Zenzi kò wo àwọn yẹn. Ọwọ́ Balz ló ń wò. Inú àpò ṣòkòtò ló wà, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí.

"Ẹni tí kò bá fẹ́?"

Ọwọ́ gbéra bí igbó. Balz kò gbé tirẹ̀ nígbà yìí náà. Àwọn kan ń fi ìyẹn yìn ín títí dòní. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó.

Zenzi ké láti ẹ̀yìn odi: "Balz Zurfluh! Ṣé ọwọ́ rẹ rọ ni?"

"Opó Furger," Tresch ní, "obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nípàdé."

"Mi ò sí nípàdé. Ẹ̀bá sàréè bàbá mi ni mo dúró sí, àbúrò mi ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ má dójú tì mí, Àǹtí," Balz rọra wí.

"Ojú wo? Ṣé o ṣì ní in? Mo rò pé o ti fi ra màlúù."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ ilé ọtí lọ. Nínú gbogbo orí tó pé sábẹ́ igi yẹn, kò sí ẹyọ kan tó rántí Lusti.

Lọ́jọ́ tí agbo fẹ́ gòkè, ilé ìwé kì í ṣí. Èmi àti àwọn ọmọ dúró létí afárá igi tó wà lórí ọ̀gbun, níbi tí omi yìnyín ti ń pariwo nísàlẹ̀. Màlúù Tresch ni wọ́n so agogo ńlá mọ́ lọ́rùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá, ó gbọ́ ariwo omi, ó dúró, ó sì yíjú padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì í. Wọ́n nà án, kò lọ. Wọ́n fi iyọ̀ tàn án, ó lá iyọ̀ tán, kò lọ. Ọ̀kan nínú abo tuntun Balz yọ̀ létí ọ̀gbun, ìwo rẹ̀ ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi fà á padà.

Wisi ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ lù wọ́n pa bó bá wù yín. Lusti ni wọ́n ń wá."

"Màlúù kò ju màlúù lọ," Tresch wí.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Alága, ẹ jẹ́ ká so agogo mọ́ ẹ̀yin lọ́rùn, kí ẹ máa ṣáájú."

Tresch àti Balz sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Zenzi. Èmi àti àwọn ọmọ tẹ̀lé wọn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbọ́. Zenzi ń gé koríko ìgbà òtútù rẹ̀ láti fi bọ́ màlúù mẹ́rin tó wà ní ilé ẹran. Kò dáwọ́ dúró.

"Zenzi," Tresch wí, "yá wa ní Lusti."

"Nípàdé, opó Furger ni mí. Lónìí mo ti di Zenzi?"

"Lusti nìkan la fẹ́. Títí dé òdìkejì afárá."

"Lusti kì í dá rìn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, tàbí kí ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá."

"Ìpàdé ti sọ̀rọ̀ tán."

"Ẹ ní kí ìpàdé lọ ṣáájú lórí afárá."

À ń gbọ́ igbe àwọn màlúù láti òkè, ọmú wọn ti kún. Tresch nu ojú. Ó ní ó dáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Tíṣà ò gbọ́."

Mo ti gbọ́. "Mi ò gbọ́ o," ni mo wí.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!" ni Tresch pariwo, àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́.

Lusti kọjá lórí afárá náà bí ẹni ń wọ yàrá rẹ̀. Gbogbo agbo tẹ̀ lé e.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé ọwọ́. Wọ́n ní kí màlúù opó Furger máa gòkè níwọ̀n ìgbà tí Lusti, tàbí ọmọ Lusti, bá ṣì lè ṣáájú agbo. Ọwọ́ Balz ló kọ́kọ́ gbéra. Ẹ tún un kà. Màlúù ni wọ́n fún lẹ́tọ̀ọ́, wọ́n wá so obìnrin mọ́ ìrù rẹ̀.

"Tíṣà," Zenzi wí fún mi, "ẹ bá mi kí Lusti. Òun ló sọ mí di ọmọ ìlú." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Báyìí ló ṣe lo ìyókù ayé rẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ màlúù. Ó ń fi ọ̀rá pa orúnkún Lusti nígbà òtútù. Nígbà tí Lusti darúgbó, Zenzi mú ọmọ Lusti lọ sí afárá lójoojúmọ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí kó má bẹ̀rù omi. Bí ẹran náà bá tiro díẹ̀, Zenzi kì í lè jẹun. Síbẹ̀, gbogbo oṣù kẹrin ni akéde ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń lọ kó òkúta wọn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Nígbà tí òfin wá gba obìnrin láyè láti gbé ọwọ́, mo gbé tèmi lórí ọ̀rọ̀ iná ojú pópó. Zenzi náà gbé tirẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ pápá, wọ́n ní ọmọ ìlú nìkan ni, Zenzi sì tún padà sẹ́yìn odi, sẹ́bàá sàréè bàbá rẹ̀.

Ibẹ̀ náà la sin ín sí ní Sátidé. Lẹ́yìn irọ́ Tresch, a tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù fi ewé bọ inú omi mímọ́, kó sì wọ́n ọn sórí pósí. Ó kan Balz. Ó ti darúgbó, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kọjá orí rẹ̀, ju ti gbogbo wa lọ, tí omi náà fi ta sí ara ẹ̀wù mi.

Mo wo ọwọ́ náà dáadáa. Kò rọ.