Ẹnu Bàbá Oníbàtà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ ẹnu lò, ẹ fi àwọn olóṣèlú sílẹ̀, ẹ wá sọ́dọ̀ Bàbá Oníbàtà. Ẹnu ni àpótí ìṣó rẹ̀. Bó bá ti jókòó lórí àga kékeré rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á bu ìṣó wẹ́wẹ́ sẹ́nu, á fi ahọ́n tì wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, á sì máa yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kan ìdí bàtà. Ẹnu yẹn kan náà ló fi ń dúnàádúrà, òun ló fi ń bú àwọn tó kó bàtà sílẹ̀ tí wọn ò wá gbà á. Ó tún ń mu omi lé ìṣó náà lórí! Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìṣó kan kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá rí. Oníbàárà tuntun á ní, "Bàbá, ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má lọ gbé ìṣó mì." Á dáhùn pé, "Ìwọ ni kó o rọra. Ẹsẹ̀ rẹ yìí ló ń jẹ bàtà."

Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín sí i jù ni ìyàwó ọmọ rẹ̀. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyàwó. Ó ti bímọ, síbẹ̀ orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó máa ń pẹ́ gan-an lọ́nà kó tó yọjú sílé. Bàbá, Ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ló wà nínú yàrá méjì yẹn. Ìyàwó ń lọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò, bàbá ń ṣe bàtà, wọ́n á kọjú síra wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá fi han bàbá, bàbá ò bi í léèrè ẹni tó bí i tàbí ohun tó ní. Ó tẹ́ bébà sílẹ̀, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó fi kálámù fa ilà yí ẹsẹ̀ náà ká. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi rèé. Kò ní rìn lásán nínú ilé yìí." Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní fẹ́ràn irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bàbá ní òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ni. Nígbà tó wá ń rù, tó ń làágùn lóru tí aṣọ rẹ̀ fi ń rin ṣìnkìn, tó sì wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ìyàwó fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Ìyàwó káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà tó dá wọn lóhùn ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìgbà tí wọ́n ń kó gbogbo oníkọ́ ife pamọ́ sí wọ́ọ̀dù ti kọjá. Ilé ni bàbá á ti máa lo oògùn. Tó bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, kò ní lè kó o ran ẹlòmíì mọ́. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, ó ti tán nìyẹn. Kò kàn gbọdọ̀ fò ó rárá, ẹnì kan nínú ilé sì gbọdọ̀ máa wò ó bó ṣe ń gbé e mì.

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú wọn?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Ìwọ ni wàá máa ṣọ́ wọn."

Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo kòkòrò tó ń pani, ṣé ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyàwó ilé ni? Ẹni tí kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, òun lẹ ní kó lọ máa yọjú wo ẹnu bàbá ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá eyín tó sọ nù! Inú á bí mi títí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sì sí ẹni tó bi Ìyàwó bóyá ó lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Láràárọ̀, á da oògùn sínú àwo, á bu omi, á kúnlẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti yẹ. Á gbọ́ tí omi ń dún lọ́fun bàbá. Á gbọ́ "O ṣeun, ìyàwó mi." Á gba ife, á dìde. Kò gbàgbé rí, bó ti wù kí aṣọ tó fẹ́ lọ̀ pọ̀ tó.

Ara bàbá kọ́kọ́ mókun. Ó padà sídìí bàtà, ẹnu rẹ̀ padà sí yẹ̀yẹ́. Àfi bí ikọ́ ṣe tún gbé ara rẹ̀ dìde, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n padà sí ọsibítù. Dókítà kan tí ohùn rẹ̀ tutù sọ fún wọn pé kòkòrò inú àyà bàbá ò gbọ́ oògùn yẹn mọ́. Ó ní bí wọ́n bá ń lò ó lónìí tí wọ́n ń fò ó lọ́la ló máa ń fa irú ẹ̀.

"Wọn ò fò ó o!" Ìyàwó fi igbe ta. "Èmi ni mo ń fún wọn. Mo lè búra!"

Bàbá ń wo bàtà dókítà. Dókítà béèrè bóyá bàbá ti lo ti ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kò tíì lò ó, ó wà nínú báàgì. Ó ní kó lò ó níbẹ̀ lójú òun. Bàbá ju oògùn sẹ́nu, ó mu omi, ó nu irùngbọ̀n, ó ní, "Ẹ ṣeun o, dókítà. Ìdí bàtà yín yẹn ti ń jẹ, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó." Nọ́ọ̀sì kékeré kan tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí tan tọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá, ẹ la ẹnu."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Nígbà tó yá, ó là á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí ìṣó máa ń wà, oògùn tò síbẹ̀ sọ́wọ́ọ̀wọ́. Ilẹ̀ ni Ìyàwó ń wò ní tirẹ̀. Igbe nọ́ọ̀sì ló fi mọ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó síta ná. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Kì í ṣe ojoojúmọ́," bàbá ní. "Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ nìkan ni. Bí mo bá gbé nǹkan yẹn mì, èébì á máa gbé mi, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní lè di òòlù mú. Ìtọ̀ mi á wá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí n fi sinmi díẹ̀."

Ìyàwó bú sẹ́kún. "Èmi ni mi ò wò yín, bàbá. Èmi ni mo fà á."

"Pa ẹnu mọ́, kí lo fà? Gbọ́ mi. Wọ́n á fẹ́ dá mi dúró síbí. Má gbà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ irú ibí yìí, pósí la fi gbé e jáde. Kò rí ojú kan tó mọ̀ nígbà tó ń kú lọ." Ohùn bàbá gbọ̀n, Ìyàwó ò sì gbọ́ ọ kó gbọ̀n rí. "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ìwọ á máa ṣọ́ mi nílé. Wàá máa wo ẹnu mi. Èmi fúnra mi ni mo ní kó o máa wò ó. Ó tán. Jẹ́ ká dán an wò báyìí."

Bàbá la ẹnu gbàgà níbẹ̀. Ìyàwó gbójú sókè. Ojú náà dé irùngbọ̀n bàbá, kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Ó fipá tì í títí, ọrùn rẹ̀ gan, ó ń làágùn, ojú náà sì já wálẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, bàbá." Kò rí nǹkan kan.

Ìyàwó nìkan ni dókítà ní kó padà wọlé. Ó ṣàlàyé fún un pé oògùn tuntun wà, ó le, ó pẹ́, abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá lè wà nílé kí nọ́ọ̀sì máa wá gún un. Ó sì lè wà ní wọ́ọ̀dù.

"Ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wọn ló kù sí," dókítà ní. "Bí wọ́n bá tún fò ó lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní oògùn míì tí mo lè fún wọn. Ọmọ kékeré sì wà nínú yàrá yẹn. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wàá lè máa wo ẹnu wọn?"

Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè rẹ̀ tán. Ó rántí irùngbọ̀n yẹn. Ó rántí ọmọ tó máa ń sùn lé itan bàbá.

"Mi ò lè ṣe é, sà. Ẹ dá wọn dúró." Ó nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà ní kò sídìí tí òun á fi sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú bàbá lọ, ó bojú wẹ̀yìn. "Ìyàwó mi, ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn, bàbá. Wọn ò gbà ni."

Wọ́ọ̀dù náà wà lẹ́yìn ọsibítù, ó dá wà. Àlejò ò gbọdọ̀ wọlé. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń dúró sí pẹ̀lú ìbòmú. Ìyàwó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Bó bá ti débẹ̀, á kúnlẹ̀ sórí yanrìn, á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá." Bàbá á dáhùn látinú, á béèrè ọmọ. Nígbà tó yá, bàbá ò dáhùn mọ́. Ìyàwó á kí i, á tún kí i, wọ́ọ̀dù á dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá dìde láti yọjú, bàbá á ti kọjú sógiri.

Bàbá ti mọ̀. Ohun tí Ìyàwó sọ lọ́kàn nìyẹn: bàbá ti mọ̀ pé èmi ni. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà. Ọkọ rẹ̀ ní lórí fóònù pé kí ni kí àwọn ṣe. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n dá a dúró, òun lòun tún parọ́ lé e. Ó ní, "Ẹ bú mi, bàbá. Ẹ lé mi nílé. Ẹ ṣáà má dákẹ́ sí mi." Kò gbọ́ nǹkan kan àfi bẹ́ẹ̀dì tó dún.

Nọ́ọ̀sì kékeré ọjọ́sí bá a níbẹ̀ tó ń sunkún.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé bàbá ni? Háà, bàbá ò gbọ́ràn mọ́ o. Abẹ́rẹ́ yẹn ti mú etí wọn. Ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó máa padà bọ̀ sípò?"

Nọ́ọ̀sì gbójú kúrò. "Ikọ́ náà ti ń lọ, ìyẹn la fi ń dúpẹ́." Ó fa Ìyàwó lápá. "Ẹ dìde. Bàbá ní ẹ kì í dúró, pé ẹ máa ń yọjú, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹ ti sá lọ. Bẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe máa rí yín?"

Ìyàwó dìde, ó di irin fèrèsé mú. Bàbá rí i. Ojú rẹ̀ tàn, ó fọwọ́ ra ògiri mú títí ó fi dé ojú fèrèsé. Igbe ló fi ń sọ̀rọ̀, bí àwọn tí kò gbọ́ràn ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló yíjú.

"Ìyàwó mi! O mà dúró lónìí! Ọmọ ńkọ́?"

"Bàbá, èmi ni!" Ìyàwó ké látinú ìbòmú. "Èmi ni mo ní kí wọ́n dá yín dúró! Èmi ni!"

Bàbá fọwọ́ sẹ́yìn etí, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Bàbá ò ka ìwé rí láyé rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

"Mi ò gbọ́," bàbá ní. "Tún lọ bá mi bẹ dókítà. Sọ fún un pé ìwọ á máa wo ẹnu mi nílé. Mi ò ní tàn ọ́ mọ́. Ṣé wàá sọ fún un?"

Ìyàwó fi orí dáhùn pé òun á sọ ọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi," bàbá pariwo. "Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní fi mí sílẹ̀ síbí."