Ohùn Tí Mo Ní N Kò Mọ̀

Òjò rọ̀ lánàá ní Ìsẹ́yìn. Mo gbàgbé igbá ńlá tí mo fi ń sá ẹ̀gúsí síta, omi rin ín gbindin. Nígbà tí mo gbé e wọlé, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti igbá bàbá mi àgbà. Ẹ̀yin àbúrò mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àárín odò Ofiki ni aba wa wà. Odò náà pín sí méjì, ó tún pàdé nísàlẹ̀, ó fi wá sáàárín. Ogun ló lé àwọn baba ńlá wa débẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkúta la ń tẹ̀ kọjá. Bí odò bá kún, igbá ńlá la fi ń sọdá. Ẹni tó fẹ́ sọdá á fi àyà lé igbá, bàbá mi àgbà á di ọwọ́ rẹ̀ mú láti òdìkejì igbá náà, á sì máa fi ẹsẹ̀ wẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ pàápàá kì í fẹ́.

Òfin kan wà. Àlejò á dúró ní bèbè odò, á pe orúkọ ẹni tó wá wò. Ẹni tí wọ́n pè gbọ́dọ̀ sọ pé òun mọ ohùn náà kí igbá tó kan omi. Láyé ogun, àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú a máa fi orúkọ pe ni.

Òkèhò ni mo ti lo ọdún mẹ́rin nílé ìwé, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa ní, "Ará inú omi, ṣé ẹja ni bàbá yín ni àbí ọ̀nì?" Ráfátù nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ni mo parọ́ fún pé ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì la fi ń sọdá.

Nígbà ìsinmi, ọlọ́kadà gbé e wá, ó já a sílẹ̀ létí odò, ó lọ. Inú ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ mi. Òjò ti ṣú. Bàbá ti gbé igbá.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè. Ṣé o mọ ohùn yẹn?"

"Rárá, Bàbá. N ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wò mí, wọ́n gbé igbá sílẹ̀. "Ó dáa. Etí tìrẹ ṣì mú ju tèmi lọ."

Ráfátù pè títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo yọjú wò ó láàárín àgbàdo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní Ráfátù ti lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ṣakí.

Bàbá ti kú. Afárá ti wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kadà ń kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní aba wa kò ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí Ráfátù lọ́jà, ó pọn ọmọ. Ó dì mọ́ mi. "Mo wá ọ wá sí aba yín nígbà kan o. Odò ló ń pariwo, o ò gbọ́ mi, àbí?"

Mo wolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Odò ló ń pariwo."