Dòdò tí mò ń fi tẹ̀lé agbo Bàbá Músíbáù

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń kà mí, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí èmi àti ọkọ mi ṣe ṣẹ́gun ìtọ̀ ṣúgà. Bàbá Músíbáù, ọkọ mi náà, kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n gbó, wọ́n tọ́, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Ilé wá tóbi jù fún mi.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Dòdò ni mò ń dín tà ní Ìkirè, ọkọ mi sì ní oko kòkó. Èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Àdá tún ṣá wọn lẹ́sẹ̀ lóko, egbò náà kọ̀, kò jinná.

Adéjùmọ̀, dìsípẹ́ńsà wa tó ń pín oògùn, kán ìtọ̀ wọn sínú oògùn búlúù kan, ó gbé e sórí iná, ó pọ́n bíi bíríkì. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, kí wọ́n yé jẹ ṣúgà, kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn, bóyá wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Gé kẹ̀? Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní oṣù kan. Ó gbà, ó ní òun á máa wẹ egbò náà lójoojúmọ́, àmọ́ bí ìtọ̀ bá ṣì pọ́n lópin oṣù, Ìbàdàn ni.

Ìyá Àjọkẹ́, tó ń ta ewé l'Ápòmù, fún wa ní agbo ewúro. Ó korò gan-an. Ta ló sì ń mu agbo nílé wa láìfi nǹkan dídùn tẹ̀lé e? Ṣúgà inú páálí la ti pa tì. Dòdò mi ló wà nítòsí: ife agbo kan, dòdò kan, láàárọ̀ lálẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ̀ ṣì pọ́n. Mo sunkún lọ bá Ìyá Àjọkẹ́ pé ewé wọn kò jẹ́.

"Ìyàwó, kí lo fi ń pa kíkorò ẹnu ẹ̀?"

"Dòdò ni, mà. Àmọ́ a ò fi ṣúgà sí i o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà ńkọ́, iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀? Èmi ń lé ṣúgà jáde lójúde, ìwọ ń kó o wọlé láti ẹ̀yìnkùlé!"

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, dòdò di èèwọ̀, iyán dín kù, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ọkọ mi ń kùn ṣáá.

"Ìyá Músíbáù, èyí tó kéré jù ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá."

Lópin oṣù, Adéjùmọ̀ tan iná. Mo di etí agbádá ọkọ mi mú. Oògùn náà dúró ní búlúù. Ó tún un ṣe, búlúù náà ni. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, Adéjùmọ̀ ń pariwo, "Bàbá, bándéèjì mi o!"

Egbò náà jinná. Nígbà tí wọ́n kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ló bá wọn wọ sàréè.

Ṣé agbo ló ṣe é, àbí dòdò tí a pa tì? Mi ò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ò yé yẹ ìtọ̀ náà wò. Gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu aláìsàn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń fún yín ní ewé. Ẹ má fi ẹyọ kan pamọ́.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ fún mi, kí n rí nǹkan kà nírọ̀lẹ́.