Orí Ẹja Kan ní Jẹ́bbà

Ìyá mi, Ìdíátù olóbì ti Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, kì í jẹun lójú ọ̀nà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń bá obì gbànja lọ sí Kánò, kò sì sí ilé oúnjẹ kan láàárín ìlú méjèèjì tó lè sọ pé òun rí i rí níbi tó ti ń bu òkèlè. Gaàrí rẹ̀ wà nínú agolo, ẹja díndín rẹ̀ wà nínú abọ́ onídérí, omi rẹ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí dẹ́rẹ́bà bá dúró jẹun, ẹ̀yìn lọ́rì ni ìyá mi máa ń gbà lọ, yóò máa ṣí ewé orí agbọ̀n wò bóyá obì ti ń móoru. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ẹni tó fọ abọ́ kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ahun díẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ létí rẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tó sọ fún mi ní Jẹ́bbà, lọ́dún 1981, pé kí a lọ jókòó sí ilé oúnjẹ kí a jẹun bí èèyàn, àyà mi já.

Táyà lọ́rì wa ló jò. Yúnúsà, dẹ́rẹ́bà wa, ní yóò tó wákàtí méjì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n táyà jíjò kì í ṣe tuntun. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni a ti lẹ ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, gaàrí ni a sì mu níbẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò kàn tíì mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí àkàn.

Èmi náà kúkú ní ohun tí mò ń bò mọ́ra. Lẹ́tà kan wà lábẹ́ bùbá mi. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, tíṣà mi ní Ìkẹ́nnẹ́, ló bá mi gba fọ́ọ̀mù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti gbà mí, wọ́n sì ní kí n dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni n ó sọ fún ìyá mi. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó bí. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń bá a ṣa obì, ọwọ́ mi a sì ti mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kí ojú mi tó rí i. Àwọn ará Sábó ti ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olóbì Kékeré. Ìrìn àjò yìí gan-an, torí kí ó lè fi mí han àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kánò ló ṣe mú mi dání. Bí mo bá dé Kánò láì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Ilé oúnjẹ náà mọ́. Wọ́n fi rọ́bà olódòdó bo tábìlì, fáànù kan sì wà lókè tó ń yí nígbà tó bá wù ú. Láti ojú fèrèsé ni a ti ń rí Odò Ọya àti afárá rélùwéè. Ìyá mi fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ etí abọ́ wò, ó tún fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà gbé ẹja àrọ̀ kan wá, odindi, nínú ọbẹ̀ pupa, pẹ̀lú ẹ̀bà méjì. Inú abọ́ kan náà ni a jọ ń jẹ ọbẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé.

Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó mi orí. Ó ní ọwọ́ ẹni tó se ọbẹ̀ yìí dùn. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ti rí i rí lọ. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé etí odò yìí, òun sunkún, torí òun rò pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé lẹ́tà mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú orí ẹja yẹn, ó gbé e sí iwájú mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní ilé tiwa, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ obì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jẹ orí ẹja. Ìyá àgbà ló ń jẹ ẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tó gbé e sí iwájú ìyá mi. Kò sọ̀rọ̀, kò pe ẹbí jọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdí ìyá mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, ojú mi ló ṣe, n kò sì rí ẹlòmíràn kó jẹ orí ẹja ní ilé wa láti ìgbà yẹn.

Mo fi òkèlè ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. N kò lè jẹ ẹ́.”

Ó bi mí pé kí ló dé. Mo fa lẹ́tà yọ, òógùn ti rin ín, mo sì kà á fún un ní Yorùbá, torí kò mọ̀wé. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni. Mo ní ọdún mẹ́ta. Ó bi mí bóyá Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà mọ̀. Mo ní ó mọ̀.

Ó ní, “Ará ìta wá mọ̀ kí èmi tó mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí òótọ́ ni. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìyá mi kò bá mi wí, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kọjú sí odò, ó ń wo ọkọ̀ ojú omi kan títí tó fi kọjá lábẹ́ afárá. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó fa orí ẹja náà padà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Kò kánjú. Ó jẹ ojú, ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fa egungun mu lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi funfun. N kò tíì bẹ̀rù báyìí rí níbi tí èèyàn ti ń jẹun. Nígbà tó parí, ó lá ìka rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ó dáa. A jẹ́ pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.”

Ó wá pe obìnrin tó ni ilé oúnjẹ, ó ní kó gbé ẹja mìíràn wá, odindi, tòun ti orí. Ẹnu ya obìnrin náà. Ó bèèrè bóyá àkọ́kọ́ kò tó wa ni.

Ìyá mi ní, “Ti ìsọ̀ ni mo jẹ yẹn. Ẹ gbé ti ilé ìwé wá fún ọmọ mi.”

Ní ilé wa, orí ẹja kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ìkòkò. N kò mọ̀ rárá pé èèyàn lè bèèrè fún èkejì. Mo jẹ ẹ́, omijé sì ń kán sínú ọbẹ̀. Nígbà tí mo rò pé mo ti parí, ìyá mi fi ojú olóbì rẹ̀ yẹ abọ́ mi wò, ó ṣa egungun kan láàárín àwọn yòókù, ó sì tì í padà sí iwájú mi, torí ẹran ṣì wà lára rẹ̀.