Àkèré Tó Wà Nídìí Òpó Horace

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo ni Horace ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Láti ìgbà náà, igi ló ń gbẹ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ: ṣíbí lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwo, lẹ́yìn náà òpó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, á máa gbẹ́gi. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò kì í sábà dá.

Lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, ìlú ní kó gbẹ́ òpó gíga kan tí ère àwọn ẹranko wà lára rẹ̀, tí wọn yóò rì mọ́lẹ̀ ní èbúté, níbi tí gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi yóò ti rí i. Igi kédárì ńlá kan ni wọ́n fún un. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé mi ló ti gbẹ́ ẹ. Ìhà méjì ni ìlú wa pín sí, ti ẹyẹ Idì àti ti ẹyẹ Ìwò. Ó fi idì sórí, nítorí ìhà Idì ni ìyá rẹ̀, ìhà ìyá ni ọmọ sì ń bá lọ lọ́dọ̀ wa. Ó fi béárì, tó jẹ́ ti ilé ìyá rẹ̀, sáàárín. Nídìí, ó gbẹ́ àkèré.

Ṣùgbọ́n ẹranko kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì ilé kan, àkèré kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti ilé bàbá rẹ̀ ni, ilé Àkèré, ní ìhà Ìwò. Ilé tó ni àmì ló lè gbé e síta. Bí ẹlòmíràn bá gbé e, olè ló jà.

Ọjọ́ tó ń kùn ún ní ọ̀dà ni mo tó rí àkèré náà.

Mo ní, "Horace, ta ló fún ẹ ní àkèré?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Bàbá mi ni mo ń rò."

"Bàbá ẹ nìkan kọ́ ló ni ín. Ilé wọn ló ni ín."

"Mo mọ̀."

Sátidé ni òpó náà yóò nàró. Bí ilé Àkèré bá kọ̀, àfi kó gbẹ́ ẹ dànù. Ìdí òpó yóò wá tín-ín-rín ju orí lọ, gbogbo ayé yóò sì máa wo iṣẹ́ tó bàjẹ́ títí ayé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ jẹ́wọ́ fún Màmá Matilda, àbúrò bàbá rẹ̀, àgbà ilé Àkèré. Ìyá náà wọ bàtà òjò, ó mú ọ̀pá, ó tẹ̀ lé e wá. Mo gbé àga fún un. Kò jókòó. Ó rìn láti orí òpó dé ìdí rẹ̀, ó dúró.

"Horace."

"Mà."

"Ta ni ẹnu tó là gbàgà yìí jọ?"

Horace tún ojú àkèré náà wò.

"Bàbá ẹ ni! Báyìí gan-an ló ṣe máa ń lanu sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Horace ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé kí n gbẹ́ ẹ kúrò?"

"Kí o gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kúrò? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Gbọ́. Mi ò fún ẹ ní àkèré o. Mo kàn jẹ́ kó dúró síbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sátidé, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé tiwa ni, pé o ò tọrọ kí o tó mú un. Àwọn ọmọ wa ló kúkú máa gbé òpó yẹn. Ẹ̀yin ìhà Idì ò lè gbé òpó tiyín fúnra yín, ìhà kejì ló ń gbé e. Kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni wọ́n ń gbé."

"Màá sọ ọ́, Mà."

"Kí o sì bọ́ wọn yó. Má fi ẹja inú agolo tàn wá."

Horace jókòó sórí àga tí mo gbé fún ìyá náà. Ó mí kanlẹ̀.

Òjò rọ̀ ní Sátidé. Àwọn ọmọ ìhà Ìwò fi èjìká gbé òpó náà dé èbúté. Kí wọ́n tó fa okùn, Horace sọ ohun tó yẹ kó sọ. Màmá Matilda mi orí pé ó dáa. Kò sẹ́ni tó kùn. Òpó dìde, ó nàró.

A jẹ ẹja sámọ́nì gbígbẹ àti ẹyin ẹja tí a fi epo ẹran òkun jẹ. Horace kò tíì jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà ó bu oúnjẹ kún àwo, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sùn lọ lórí ìjókòó, ẹnu rẹ̀ là gbàgà.

Màmá Matilda fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i hàn mí.

"Ẹ wo àkèré míì," ló wí. "Èyí, ẹ má kùn ún o."