Béárìn Méjì Lára Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó rí orí ẹ̀rọ bàbá mi, Amúkòkò là ń gbé. Bàbá mi máa ń fi ẹ̀rọ yí igi. Igi á máa yí bírí, wọ́n á fi irin mímú gbẹ́ ẹ lára, òpó bẹ́ẹ̀dì roboto á sì jáde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, ẹ ò lè mọ bí òpó yẹn ṣe ń dán tó.

Igi tó bá gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbọ̀n láàárín, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbè é lẹ́yìn. Bàbá àgbà kan ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ru ẹrù ní èbúté Àpápá, ló ń ṣe é. Wọ́n á ká awọ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi àbẹ́là pa á, wọ́n á gbé e ti igi. Tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn àti bàbá mi á jọ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Bàbá àgbà ò ní ìyàwó, wọn ò ní ọmọ nítòsí.

Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, èmi ọmọbìnrin ilé ni mo sì ń fà wọ́n lọ́wọ́ wá láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. "My pikin, softly, softly," ni wọ́n á máa wí, ìrìn ìgbín la ó sì máa rìn. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa pariwo, "Ìyàwó bàbá!" Ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo kórìíra ọwọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi rán mi sí mẹkáníìkì kan ní Creek Road. Mo rí béárìn kékeré méjì, irin roboto tó máa ń yí geere, nílẹ̀, mo fi ìka yí wọn, ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo tọrọ wọn. Èmi àti bàbá mi gbé pákó nàró lórí ẹ̀rọ, a gé àárín rẹ̀ kí igi lè gba ibẹ̀ kọjá, a fi bóòtù de béárìn méjèèjì mọ́ ọn, a sì ń sún wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kan igi fẹ́rẹ́. Igi ò gbọ̀n mọ́.

Bàbá mi ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ní, "Kí ọwọ́ bàbá lè sinmi ni, sà."

Irọ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá àgbà fi ọwọ́ kan béárìn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ mi á sinmi." Wọn ò jẹun, wọ́n ní àwọn ti yó. Láti ọjọ́ náà wọn ò wá mọ́. Mo gbé ẹ̀kọ lọ bá wọn, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo ni mo ṣe?"

Bàbá mi pè mí. "Lọ tú béárìn yẹn. Sọ fún bàbá pé ó ti bàjẹ́, pé à ń wá wọn."

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà ń wá wo ohun tí mo ṣe, wọ́n ń pè mí ní ẹnjiníà, orí mi ti wú. Mo sì ti ń dá rìn lọ síléèwé. Mo ní lọ́la, mo tún ní lọ́la. Ìgbà tí mo fi lọ, ẹbí wọn kan ti wá mú wọn lọ sí ìlú wọn. Bàbá àgbà fi awọ tí wọ́n máa ń ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò fún wa, wọ́n ní bóyá béárìn á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Bàbá mi gba irọ́ yẹn gbọ́ títí wọ́n fi kú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ mi, tèmi ò sì tíì tán.

Ayé ti yí padà, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà nílé ọmọ mi tí mò ń gbé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi ra èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́."

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ mi á sinmi."

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo da ẹ̀wà náà sórí àtẹ, mo wọ awò ojú mi, mo sì ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣà á tán. Kò sí òkúta kan ṣoṣo níbẹ̀.